Wọ́n ní kó fi yunifásítì sílẹ̀: ṣé kó kọ lẹ́tà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni, àbí kó tún JAMB ṣe?

Ìyá Adúkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti kọ ọ́ sára èsì ìdánwò àbúrò mi ọkùnrin pé kó fi yunifásítì sílẹ̀. 200 level ló wà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́. Ó ti wà lórí probation tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìkìlọ̀ pé máàkì rẹ̀ kéré jù. CGPA rẹ̀, ìpíndọ́gba gbogbo máàkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá já sí 0.90. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu ìyá wa láàárín sẹ́mẹ́sítà. Òun nìkan ló wà nítòsí, òun ló ń sùn tì wọ́n ní ọsibítù. Bàbá wa ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù JAMB mìíràn. Èmi ní kó kọ̀wé sí Sẹ́nétì yunifásítì náà pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Àrẹ̀mọ Ìjẹ̀bú: Bàbá yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ óò máa retí èsì lẹ́tà títí JAMB á fi parí fọ́ọ̀mù títà, ọdún kan á tún lọ. Àti pé ọmọ tó ti wà lórí probation kí ìyá rẹ̀ tó ṣàìsàn, àìsàn kọ́ ló lé e.

Tíṣà Ṣàgámù: Àrẹ̀mọ, 100 level tuntun ni JAMB tuntun máa gbé e padà sí o. Ọdún méjì ti bọ́ sọnù nìyẹn, àfi tó bá ní ìwé ẹ̀rí ND ti pólì tàbí NCE ti kọ́lẹ́jì olùkọ́ tó lè fi gba Direct Entry, kó má bàa bẹ̀rẹ̀ láti 100 level. Mo ń kọ́ni ní yunifásítì, mo sì ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka irú lẹ́tà yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀bẹ̀ lásán ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, èmi ni àkọ́bí." Ìgbìmọ̀ kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ká rí ìwé ọsibítù tó ní ọjọ́ tí wọ́n dá ìyá dúró, ká gbé ọjọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Kí ọmọ náà wá sọ ohun tó ti yí padà. Ta ló ń tọ́jú ìyá báyìí? Bí kò bá dáhùn ìyẹn, ó máa ṣòro kí wọ́n gbà á padà, torí ohun tó gbé e ṣubú lọ́dún yìí ṣì ń dúró dè é. Rẹ́jísírà ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, á gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka àti díìnì kọjá. Kó yára, ọjọ́ tí wọ́n ń fún wọn kì í pọ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ẹ wá dókítà tó máa kọ ọ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣàìsàn. Ìyẹn ló máa ń tètè ṣiṣẹ́.

Tíṣà Ṣàgámù: Ẹ má dán an wò! Wọ́n lè kọ̀wé sí ọsibítù láti wádìí. Ẹni tí máàkì lé jáde ṣì lè lọ sí ibòmíràn, ẹni tí wọ́n lé torí ayédèrú ìwé ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi irọ́ ṣe?

Olóṣirò: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ó ti ṣe yúnìtì 80, CGPA 0.90 jẹ́ póìǹtì 72. Bí wọ́n bá gbà á padà, tó ṣe yúnìtì 20, tó sì gba C (póìǹtì 3 fún yúnìtì kan) nínú gbogbo rẹ̀, póìǹtì 60 nìyẹn. 132 lórí 100 jẹ́ 1.32. Níbi tí ààlà CGPA tí kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ sí bá ti jẹ́ 1.00, ó ti là á. Níbi tó bá ti jẹ́ 1.50, póìǹtì 78 ló gbọ́dọ̀ wá láti inú yúnìtì 20 yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ B (póìǹtì 4) ní gbogbo kọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé òfin ilé ìwé náà.

Àrẹ̀mọ Ìjẹ̀bú: Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ọmọ tó ń gba E àti F fún ọdún méjì, níbo ló ti fẹ́ rí B?

Ìyá Ìbejì Houston: Níbí ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ jù lè pàdánù owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwé lè gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò bí ìbátan rẹ̀ bá kú tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ṣàìsàn. Ìbéèrè Tíṣà yẹn náà ni wọ́n máa bi í: kí ló ti yí padà? Wọ́n tún lè bá a ṣètò kọ́ọ̀sì tó máa ṣe ní sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kó fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà tirẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Ìyá Adúkẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo bi í nípa 100 level lálẹ́ àná. Ó ní físíìsì àti ìṣirò kò yé òun rárá, ojú sì ń ti òun láti sọ fún bàbá wa, torí àwọn ló yan iṣẹ́ ẹ̀rọ fún un.

Àrẹ̀mọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ò rí i! Ẹ má dá ọmọ náà padà síbi tí kò fẹ́.

Tíṣà Ṣàgámù: Níbi tí èmi àti Àrẹ̀mọ ti pàdé nìyẹn. Ẹ ka ìwé tí wọ́n fún un dáadáa. Àwọn yunifásítì kan máa ń ya "kó fi ẹ̀ka sílẹ̀" sọ́tọ̀ sí "kó fi yunifásítì sílẹ̀." Bó bá jẹ́ ẹ̀ka nìkan, kó wá ẹ̀ka mìíràn tó máa gbà á nínú ọgbà yẹn kan náà. Bó bá sì jẹ́ yunifásítì pátápátá, kó fi ọ̀rọ̀ ìyípadà ẹ̀ka sínú lẹ́tà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ ọ́ o, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n.

Àdùkẹ́ Ẹdẹ: NOUN, yunifásítì ìjọba tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé, náà wà ńlẹ̀. Wọn kì í béèrè máàkì UTME, ìdánwò JAMB yẹn, ó sì lè máa kàwé nílé kó máa wo màmá.

Ìyá Adúkẹ́: Màmá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, n ó máa tọ́jú wọn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, èmi á sì bá bàbá wa sọ̀rọ̀ ní ti ẹ̀ka.

Àrẹ̀mọ Ìjẹ̀bú: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó gba fọ́ọ̀mù JAMB sọ́wọ́ pẹ̀lú, kó yan ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.