Òkè Ni Kí Owó Omi California Kọ́kọ́ Lọ

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2015, òjò dídì tó wà lórí òkè Sierra Nevada, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, kò ju ìdá 5 nínú 100 iye tó yẹ kó jẹ́ lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Gómìnà Jerry Brown pàṣẹ pé kí àwọn ìlú dín omi lílò kù ní ìdá 25 nínú 100. Nígbà tó fi di 2023, òjò dídì ti ju ìlọ́po méjì iye tó yẹ lọ. Láti orí òkè yìí ni nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 omi California ti ń wá.

Dáàmù tuntun ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú ń pariwo. A kò gbà pé òun ló kàn. Òjò dídì a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọ inú ẹ̀rùn. Bí ooru bá sọ ọ́ di òjò lásán, ìgbà òtútù ni yóò ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí dáàmù gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ de àgbàrá.

Igbó ni kí ìjọba kọ́kọ́ bójú tó. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú iná igbó, igi sì ti fún jù. Òjò dídì tó bá lé sórí ẹ̀ka, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ kó tó balẹ̀. Kí wọ́n gé igi wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi iná tí wọ́n ń ṣọ́ jó ewé àti ẹ̀ka gbígbẹ, kí wọ́n dá igi ńlá sí. Kí wọ́n má sì gé e pátá o: níbi tí kò sí ìbòòji rárá, òjò dídì kì í pẹ́ yọ́. Àlàfo kéékèèké láàárín igi ló ń pa á mọ́.

Pápá orí òkè náà ń kọ́? Níbi tí odò ti gbẹ́ kòtò jíjìn, omi abẹ́ ilẹ̀ á sàn bọ́ sínú rẹ̀, pápá á gbẹ. Kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò náà níbi mélòó kan, kí odò lè tún tàn kálẹ̀, kí ilẹ̀ pápá sì lè mu omi pamọ́.

Wíwọn òjò dídì náà tún ṣe pàtàkì. Ọ̀pá oníhò tí wọ́n ń tì wọnú òjò dídì títí kan ilẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé sórí ìwọ̀n, ń sọ iye omi tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe gbẹ tó. Ní 2021, ilẹ̀ gbígbẹ mu omi tí wọ́n ti ṣírò mọ́ ti odò. Kí wọ́n máa wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ pẹ̀lú.

Kí gbogbo owó yìí wà nínú ìṣúná ọdọọdún, kì í ṣe ìgbà ọ̀dá nìkan, torí igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá gé lónìí yóò tún hù.