Fọ́tò Kan Ò Tó fún Ère

Nínú ìwé tí William Henry Fox Talbot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde lọ́dún 1844, fọ́tò ère kan tí wọ́n fi P.O.P. ṣe wà níbẹ̀, ère Patroclus, akọni inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Talbot ṣàlàyé pé bí oòrùn bá mú jù, òjìji á dúdú kọjá ààlà; ọjọ́ tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run ló dára jù. Ó ní bí èèyàn bá yí ère náà díẹ̀, tàbí tó sún kámẹ́rà, àwòrán mìíràn pátápátá ló máa jáde.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò fọ́tò ò tẹ̀ lé èyí. Àwọn Alinari, ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan ní Florence ní Ítálì, ta fọ́tò ère káàkiri Yúróòpù, ẹni tí kò dé Ítálì rí sì gbà pé òun ti mọ ère nítorí fọ́tò kan ṣoṣo. Lọ́dún 1896, Heinrich Wölfflin, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, bínú sí àwọn tó ń fẹ̀gbẹ́ ya ère tó yẹ kí wọ́n kọjú sí. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n iwájú nìkan náà ò tó.

Ẹ wo ère áńgẹ́lì tó ń rẹ́rìn-ín ní kàtídírà Reims, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé. Ní September 1914, àwọn Jámánì yin àgbá lu ilé náà, iná sọ, orí áńgẹ́lì náà já bọ́, ó sì fọ́. Wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ. Àdàkọ P.O.P. tó ti wà ní Paris tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi tún un ṣe, tó fi padà sáyè rẹ̀ lọ́dún 1926. Ká ní fọ́tò iwájú nìkan ló wà ńkọ́? Ta ni ì bá mọ bí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ṣe rí?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní London, fi ń dùn wá. Láti 1854 ni wọ́n ti gba Roger Fenton, ayàwòrán kan, pé kó máa ya ohun tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní August 2023, wọ́n kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti sọnù, wọ́n sì ti jí òmíràn. Ọ̀pọ̀ lára wọn ni kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ní October ọdún náà pé láàárín ọdún márùn-ún, gbogbo ẹrù wọn á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí idẹ Ifẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1939 wà lára ẹrù náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ohun tí à ń béèrè ni pé kí wọ́n ya gbogbo ère níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti nídìí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yà á àti ọjọ́ tó yà á sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.