Ẹni tó ṣí géètì kọ́ ló ni yàrá

"Wọ́n gbà wá láàyè." Èsì tí àwọn ọlọ́pàá fọ̀ nìyẹn lórí bí wọ́n ṣe wọ yàrá àwọn ayálégbé, tí wọ́n tú u, ní ilé alájọgbé tí gbogbo Òṣogbo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ta ni "wọ́n"? Lánlọ́ọ̀dù ni. Àwọn tí wọ́n tú ẹrù wọn síta ńkọ́? Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń pariwo pé àwọn ò gbà. Ìyẹn ò sí nínú èsì.

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a ó tún un sọ: lánlọ́ọ̀dù ló ni ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó ló ni yàrá títí owó rẹ̀ yóò fi tán. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá fẹ́ wọbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn. Àṣẹ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ fi ta ọlọ́pàá lọ́rẹ?

Láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun dé Òkè-Báálẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ń gbé, a mọ bí ilé wa ṣe rí: yàrá kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilé ìdáná kan, kànga kan. Ẹni tó bá ṣí géètì lè mú ọlọ́pàá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí pé ti gbogbo wọn ni. Kò lè mú un dé orí ibùsùn ẹlòmíràn. Nínú agboolé pàápàá, baálé kì í wọ yàrá ìyàwó àbúrò rẹ̀ láìwúkọ́.

Èyí tó le ni ti ẹni méjì tó ń gbé yàrá kan náà, tí ọ̀kan ní ẹ wọlé, tí èkejì ní ẹ má wọlé. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, láti ìpínlẹ̀ Georgia. Ìyàwó ní kí ọlọ́pàá wọlé. Ọkọ, tó jẹ́ lọ́yà, dúró níbẹ̀, ó ní òun ò gbà. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta dá a pé “bẹ́ẹ̀ ni” ti ìyàwó kò lè borí “bẹ́ẹ̀ kọ́” ti ọkọ tó wà lójú kòrókòró. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ náà ní bí wọ́n bá ti mú ẹni tó kọ̀ lọ lọ́nà òfin, ẹni tó kù lè gbà wọ́n láàyè. Èyí kò dùn mọ́ wa nínú. Ọlọ́pàá tó bá gbọ́ ọ, ẹni tó kọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé sọ́kọ̀.

Àwa náà ní òfin tiwa. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà àti ilé rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ló kọ síbẹ̀, kò kọ lánlọ́ọ̀dù.

Àwọn ọlọ́pàá á ní ọ̀daràn ń fi ìbọn pamọ́. Òótọ́ ni. Bó bá sì sá wọlé mọ́ wọn lójú, òfin gbà kí wọ́n lé e wọlé. Èyí tó kù, kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ ìtúlé nílé ẹjọ́. Òfin ACJA ọdún 2015, tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ní wọ́n lè fún wọn níwèé náà, kí wọ́n sì lò ó, lọ́jọ́kọ́jọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi. Òṣogbo níbí sì ni ilé ẹjọ́ Májísíréètì wà, kò sí ní Kánò! Kí ló wá ń dí wọn lọ́wọ́? A wá orúkọ mìíràn tì, ọ̀lẹ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó máa ń pẹ́ kí àwọn ọ̀gá agbófinró tó pa àṣẹ tuntun fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí EFCC ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ní Ilé-Ifẹ̀ lóru ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ariwo rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ tí ọ̀gá àgbà wọn, Ola Olukoyede, fi pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun irú ìgbòkègbodò òru bẹ́ẹ̀.

Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ la ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìí, lákọsílẹ̀: kí a má fi ẹnu ẹnìkan tú yàrá ẹlòmíràn; bí ẹni méjì bá jọ ń gbé, tí ọ̀kan kọ̀, kí wọ́n lọ gbàwé wá; ẹni tó bá sì gbà, kí ó fọwọ́ síwèé. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ kańtà gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá, kí ayálégbé tó bá lọ fẹjọ́ sùn lè rí ohun tí yóò nawọ́ sí.