Irọ́ ni pé lẹ́tà àtijọ́ ju ọpọlọ ọmọ ilé-ìwé lọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́, àti àwọn òbí pẹ̀lú, ló gbà pé àkọsílẹ̀ ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀, bíi lẹ́tà àtijọ́, ìwé àdéhùn àti ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni. Ohun tí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ bá sè sílẹ̀ ni ká bù fún ọmọdé, kó há a sórí, kó lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, lẹ́tà kan ṣoṣo sì tó mi láti fi jiyàn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, ní Fourah Bay ní Sierra Leone, Samuel Àjàyí Crowther kọ lẹ́tà sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS, nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà ní 1842, ní apá ìparí ìwé ìrìn-àjò òun àti míṣọ́nnárì J. F. Schön lórí odò Ọya. Ìwé yẹn wà lórí Internet Archive, ilé ìkówèésí orí ayélujára, lónìí, ọ̀fẹ́ ni.

Gbólóhùn mẹ́ta ni ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi parí rẹ̀: wọ́n kó o lẹ́rú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Inú lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin wákàtí 24, ó ní, òun ti bọ́ sọ́wọ́ olówó mẹ́ta. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í gba ẹṣin, ibẹ̀ ló sì ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ padà. Ọmọ ọdún 11 wo ni èyí kò ní yé?

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ti inú ọkọ̀ ogun. Ní oṣù Kẹrin 1822, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrú gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì ká wọn mọ́. Ẹ̀rù àwọn tó wá gbà wọ́n bà wọ́n, nítorí idà gígùn ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, wọ́n tún rí ọta àgbá rọ̀bọ̀tọ̀ nílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti pa jẹ ni, pé orí wọn ló wà nílẹ̀ yẹn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ ẹran náà wò fínnífínní, pátákò rẹ̀ là sí méjì, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n rọra sún mọ́ ọta, irin ni. Iṣẹ́ òpìtàn gan-an nìyẹn, àwọn ọmọdékùnrin ló sì ṣe é, pẹ̀lú ìbẹ̀rù lọ́kàn, láìsí tíṣà kankan níbẹ̀.

Àwọn kan ní ọmọdé yóò gba gbogbo ohun tó bá kà gbọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ tí a bá kàn jù ú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Crowther ṣe pe ọjọ́ tí wọ́n kó o: ọjọ́ ìbànújẹ́, tí wọ́n ti wá kọ́ òun báyìí láti máa pè ní ọjọ́ ìbùkún. Níbẹ̀ ni mo máa ń dá ìwé kíkà dúró. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló ń kọ ọ́ sí? Ọdún mélòó ló ti kọjá? Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ á fi rí i pé ohun tí èèyàn lè kọ sí ọ̀gá míṣọ́n lẹ́yìn ọdún 16 yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ tó ń sunkún ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn yóò sọ.

Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì 1837 le. Èdè ló le, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ mú ìpínrọ̀ kan péré, ẹ fi Yorùbá là á yé wọn, ìyẹn ti tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dáa, ẹ fi fóònù yín gbà á sílẹ̀ láti ilé, ẹ ṣe fọ́tókópì rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ má kàn ní kí wọ́n lọ wá a lórí Google; àlàyé ẹlòmíràn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá pàdé, wọ́n á sì tún padà sínú àhásórí.

Fún àwọn tí ojú wọn ti là díẹ̀, ẹ lọ sórí SlaveVoyages, ìkànnì ayélujára nípa òwò ẹrú. Orúkọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú wà níbẹ̀, ó lé ní 91,000, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti gíga wọn. Bí akọ̀wé àjèjì ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kó o jọ ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ké sí àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà kí wọ́n wá bá àwọn dá orúkọ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka orúkọ márùn-ún sókè ketekete, kí wọ́n gbé e gba oríṣiríṣi ohùn títí yóò fi jọ orúkọ tí wọ́n ti gbọ́ rí. Èyí tí kò bá yé wọn, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n mú un lọ bi ìyá àgbà nílé.