Ilé Goa kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kó wá láti Lisbon

Àwòrán ilé aláràbarà kan láti Goa, ní Íńdíà, ló ń káàkiri. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé àwọn Potogí ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, àti pé Lisbon, olú ìlú wọn, ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ wá, títí kan gíláàsì fèrèsé. Irọ́ ni.

Lóòótọ́, Potogí gba Goa ní 1510, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1961. Ṣùgbọ́n ọmọ Goa, Kátólíìkì àti ẹlẹ́sìn Híńdù, ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ńlá yẹn. Ilé Braganza tó wà ní abúlé Chandor ní Goa ń kọ́? Orúkọ Potogí ni lóòótọ́, àmọ́ ìdílé ọmọ Goa ló ni ín.

Ẹ tún fèrèsé yẹn wò dáadáa. Ìkarahun inú omi òkun ni, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó sínú férémù igi níkọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, oòrùn ò sì ní ta yín lójú. Yangí ilẹ̀ ibẹ̀ ni ògiri, tí wọ́n rẹ́ lára. Àgbàlá àárín ilé tí yàrá yí ká, ti Íńdíà ni; òpó àti ọ̀ṣọ́ iwájú ilé ló fara jọ ti Potogí. Amọ̀ sísun tó bo òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti Mangalore, ìlú kan ní Íńdíà, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì láti Basel ní Switzerland ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1865.