Èsì wa sí oníbàárà tó fún ìrìn-àjò ìpẹja ọjọ́ Sátidé ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ ṣé tí ẹ bá wa wọkọ̀, ẹ sì ṣé tí ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín.

A ti ka ọ̀rọ̀ yín tán. Ẹ ní ẹ ò rí ẹja gidi kankan pa. Ẹ ní atukọ̀ wa kàn ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀, kò jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú kan, àti pé nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ó kó yín kúrò níbẹ̀. Ẹ ní ọmọọṣẹ́ wa já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ yín, pé a dá kútà yín padà sómi, a sì tún gba owó jig (irin tí a fi ń tan ẹja jẹ) tó sọnù. Ẹni tí kò bá wa wọkọ̀ rí tó bá ka èyí yóò rò pé ẹgbẹ́ olè ni wá. Nítorí náà la ṣe fẹ́ dáhùn ní kíkún, kí àwọn tó fẹ́ bá wa lọ lè gbọ́ tẹnu àwa náà.

Orí okùn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà ọjọ́ náà ti wá. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la pàdé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ sọ́kọ̀, bàbá tó jẹ́ atukọ̀ wa kó gbogbo yín jọ, wọ́n fi ọ̀pá wa hàn yín, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí okùn tó wà lára ríìlì wa, ẹ̀rọ kékeré tó ń ká okùn, fi tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Okùn híhun ni, kì í fà, ìṣàn omi kì í sì í rí i gbá lọ bọ̀rọ̀. Jig onírin tí à ń sọ sómi kò ní òórùn, kò sì ní adùn kankan. Bó ṣe ń ta sókè, tó tún ń gbọ̀n rìrì bọ́ sísàlẹ̀, ló ń tan ẹja jẹ, tí ẹja fi ń rò pé ẹja kékeré tó fara pa ni. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá sókè lórí ọkọ̀, ó yẹ kí irin náà gbéra lójú ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Àpáta iyùn (àpáta abẹ́ òkun tí iyùn ń dàgbà lé) tí a lọ lọ́jọ́ náà jìn tó mítà 60 sí 80. Ní irú ibú bẹ́ẹ̀, okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn bíi tiyín kò lè ṣiṣẹ́ náà: ó ń fà bíi rọ́bà, ìṣàn omi sì ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí kò fi ní sọ̀ kalẹ̀ tààrà mọ́. Ọwọ́ yín á máa ṣiṣẹ́ lókè, irin ò ní mira nísàlẹ̀.

Gbogbo èyí ni wọ́n sọ fún yín kí a tó kúrò létíkun. Ẹ ní ríìlì tiyín ló mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sì so jig yín tí kò ju gíráàmù 80 lọ mọ́ ọn. Ọmọọṣẹ́ wa gbé ti gíráàmù 200 fún yín, ẹ ní ó ti wúwo jù. A ò bá yín fà á. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó dúró lápá ọ̀tún yín, ọmọbìnrin tí kò di ọ̀pá jig mú rí kó tó di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀pá wa ló lò. Amberjack méjì àti snapper pupa kan ló fà sókè kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ̀yin pàápàá bá a yọ̀, ẹ sì yà á ní fọ́tò.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ gbà láti lo ọ̀pá wa. Kò pẹ́ rárá tí grouper fi gbé e. Ẹja yẹn dára, ìwọ̀n rẹ̀ tó ohun tí òfin gbà, ẹ sì gbé e lọ sílé. Òun náà lẹ gbé dání nínú fọ́tò tí ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ yín níbi, lókè gbólóhùn tó ní ẹ ò rí ẹja gidi kankan pa.

Ní ti ọkọ̀ tí kò dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè èyí lọ́wọ́ wa, inú wa sì ń dùn láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹja ńlá kì í tú ká sórí àpáta iyùn. Apá ibi tí ìṣàn omi ti ń kọlu àpáta ni wọ́n máa ń kóra jọ sí, ní etí ibi tó ti dá gèrè wọ ibú, torí ibẹ̀ ni omi ti ń gbé ẹja wẹ́wẹ́ wá bá wọn. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ yóò gbé ọkọ̀ lọ sókè ìṣàn, yóò sinmi ẹ́ńjìnnì, yóò jẹ́ kí omi gbé ọkọ̀ kọjá lórí etí àpáta náà díẹ̀díẹ̀ kí okùn gbogbo yín lè sọ̀ tààrà. Bó bá ti kọjá tán, yóò yí po, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní lílọ-bíbọ̀ nìyẹn, òun gan-an sì ni iṣẹ́ tí ẹ sanwó rẹ̀. Bàbá náà kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ tó ń fi ìsàlẹ̀ omi hàn láti àárọ̀ títí a fi padà.

Ẹ ní kí wọ́n ju ìdákọ̀ró. A ò ní ṣe é láéláé, bí oníbàárà tilẹ̀ fẹ́ fìyẹn bínú kúrò lọ́dọ̀ wa. Iyùn tó rí rìbìtì lábẹ́ omi yẹn, nǹkan abẹ̀mí ni, òmíràn nínú wọn kì í sì í ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún kan. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo lè fọ́ ohun tó ti ń dàgbà kí a tó bí bàbá wa. Bí iyùn bá kú, ẹja wẹ́wẹ́ á lọ, ẹja ńlá á tẹ̀ lé wọn, àwa náà ò sì ní níṣẹ́ mọ́.

Ibi tí ẹ ní a kó yín kúrò nígbà tí ẹja ń jẹ: ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹja méjì ló gòkè tẹ̀ léra wọn tí orí nìkan ṣẹ́ kù lẹ́nu ìwọ̀. Shark ti dé. Bí shark bá ti mọ̀ pé ẹja ń gòkè lábẹ́ ọkọ̀ kan, kò ní kúrò níbẹ̀, gbogbo ẹja tí ẹ bá fi ìwọ̀ mú lẹ́yìn ìyẹn ti di tirẹ̀. Kí ni a fẹ́ dúró ṣe níbẹ̀? Bàbá gbé ọkọ̀ lọ sórí àpáta mìíràn, ibẹ̀ sì ni grouper yín ti wá. Lóòótọ́, láàrin aago mọ́kànlá sí ọ̀sán ẹja dákẹ́. Omi ló dúró, kò ṣàn mọ́. Ẹnikẹ́ni tó ti fi jig pẹja rí mọ̀ pé bí omi bá dúró, ẹja àpáta kì í fẹ́ jẹ. Òṣùpá ló ń darí ìṣàn omi, a ò sì lágbára lórí òṣùpá.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ọmọọṣẹ́ wa, torí ẹ pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí grouper yẹn gbé jig, ẹ gbé ọ̀pá sókè títí orí rẹ̀ fi tẹ̀ padà sórí yín. Bí ọ̀pá jig ṣe ń kán nìyẹn, bó bá sì kán, ó lè já lu ojú èèyàn. Ó na ọwọ́, ó tẹ ọ̀pá náà sísàlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọjú sómi, kí ríìlì ṣe iṣẹ́ rẹ̀,” ó sì tú bíréèkì ríìlì díẹ̀ fún yín. Ọ̀pá kò kúrò lọ́wọ́ yín. Ọmọ yẹn kan náà lẹ ní ó ń fi àkókò ṣòfò lórí àwọn ẹja kéékèèké tí a ò ní gbé lọ. Ní mítà 70, agbára tí ń tẹ ẹja jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ti ojú omi. Bí a bá fà á gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á yọ síta, kò sì ní lè rì padà fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ń fi okùn tó ní òjé nídìí sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tí afẹ́fẹ́ inú wọn á ti tún kéré padà, tí wọ́n á fi lè lúwẹ̀ẹ́ lọ. A fẹ́ kí gbogbo ọmọọṣẹ́ wa rí bíi tirẹ̀.

Kútà ńkọ́? A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kútà ńlá orí àpáta iyùn lọ. Májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní ciguatera. Ara àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé lára ewéko òkun àti iyùn tó ti kú, ló ti ń wá. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, májèlé náà á sì máa kóra jọ sára èyí tó tóbi jù. Kò lóòórùn, kò yí adùn ẹja padà, iná kò lè pa á, fíríìjì kò lè pa á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì, kí inú rẹ̀ máa ṣàn, kí ètè àti ọwọ́ rẹ̀ máa ta á, omi tútù pàápàá lè máa jó o lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná: lọ́dún 1774, nígbà ìrìn-àjò kejì Captain James Cook, àwọn kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ jẹ ẹja pupa ní agbègbè tó ń jẹ́ Vanuatu lónìí, àìsàn sì dá wọn gúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé májèlé yìí kan náà ni. Ẹ ní a fi ẹja dù yín. A fẹ́ kí ẹ máa bínú sí wa pẹ̀lú àlàáfíà ara.

Owó jig: ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, pé ẹni tó bá sọ jig wa nù ni yóò san án. Mẹ́rin ló lọ lápá ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ gba ọ̀pá wa. Jig gbọ́dọ̀ gbéra bó bá ti fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn sórí iyùn, ẹ ń tẹ fóònù. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ tó sọ tó bẹ́ẹ̀ nù.

Síbẹ̀, a ó dá owó jig mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún yín. Ìwé kò ní ká dá a padà, àwa la yàn láti ṣe é. Bó bá sì wù yín, àyè kan wà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá dá sí méjì, tí ìṣàn omi kì í le jù. Ọ̀pá wa lẹ máa lò láti àárọ̀, ẹ ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kó tó di ìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, nínú fọ́tò grouper yẹn àti gbólóhùn tó ní ẹ ò rí ẹja pa, ẹ yọ ọ̀kan kúrò.