Kókó Tí Kò Dun Ọmọ

Bí eéwo bá sọ ọmọ, ẹkún rẹ̀ ló máa jí ìyá lóru. Buruli, àrùn kan tó ń jẹ awọ ara, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kókó kékeré á yọ sápá tàbí ẹsẹ̀, á le lábẹ́ awọ, kò ní dun ọmọ, ara rẹ̀ kò sì ní gbóná. Wọn á ní eéwo tí kò tíì pọ́n ni, wọn á fi ewé dì í. Ìgbà tó bá fi máa bẹ́, abẹ́ etí egbò náà ti ṣófo: bí nọ́ọ̀sì bá ti òwú bọ̀ ọ́, ṣe ni òwú máa wọlé sábẹ́ awọ tó dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

Ẹbí kan náà ni kòkòrò tó ń fa Buruli àti ti ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ife. Májèlé rẹ̀, mycolactone, ló ń jẹ ẹran ara, òun náà ni kì í jẹ́ kó dunni. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, torí náà ẹ má lé ọmọ kúrò níléèwé. Kì í ṣe àìsàn òkèèrè náà: lẹ́yìn tí wọ́n sé odò inú Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, ó mú àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 8 gbáko ni oògùn rẹ̀. Ọmọ tó bá wọn kílò 20 á lo rifampicin mílígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, àti clarithromycin 150 lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé rifampicin máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ẹ̀rù á ba ìyá, á dá oògùn dúró. Nígbà mìíràn egbò á tún fẹ̀ sí i lójú oògùn, wọn á ní kò ṣiṣẹ́, wọn á gbé ọmọ kúrò. Bẹ́ẹ̀, ara ló ń jí láti bá àrùn jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí rẹ̀.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wọkọ̀ láti Òṣú wá pààrọ̀ bándéèjì fún oṣù méjì? Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Ọ̀ṣun àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí nọ́ọ̀sì yẹ awọ ara ọmọléèwé wò ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan lè fi òwú nu egbò, kí wọ́n sì fi òwú náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Kí wọ́n sì kọ́ ìyá bí a ṣe ń na orúnkún ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí bí àpá bá ti fà á kákò tí kò ṣeé nà mọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù. Egbò tí kò tíì ju sẹ̀ńtímítà 5 lọ, oògùn nìkan ló sábà máa ń wò ó.

Kí owó bándéèjì wà nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, lórúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n má tì í sábẹ́ “oríṣiríṣi”.